Okùn Àárín Ọdún: Àgbéyẹ̀wò Ipò Olówó Nínú Kánífà Salvador

Okùn kan wà ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, tó máa ń rìn ní títì. Okùn gidi ni, ọwọ́ èèyàn ló sì ń gbé e. Nígbà ọdún Kánífà, bí ọkọ̀ tírélà tó ru gbohùngbohùn àti olórin bá ń rọra lọ, okùn yìí á yí i ká níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún àti lósì, á wá dà bí agbo tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn tó sanwó wà nínú agbo, wọ́n ń jó, àyè gbà wọ́n. Àwọn tí kò sanwó wà lẹ́yìn okùn, wọ́n há sáàárín okùn àti ògiri. Àwọn tó di okùn mú kò sí lápá kankan. Òṣìṣẹ́ olówó-ojúmọ́ ni wọ́n, wọ́n fi ara wọn ṣe ọgbà láàárín ẹni tó san àti ẹni tí kò san.

Inú okùn yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò wà. Bí olówó bá wá síbi ọdún tí gbogbo ìlú jọ ni, kí ló tọ́ sí i, kí sì ni kò tọ́ sí i? Ṣé owó rẹ̀ ló ń ba ọdún jẹ́ ni, àbí ohun tí wọ́n gbà kó fi owó náà rà? Ìbéèrè yìí ti di àríyànjiyàn láti etíkun Bahia títí dé aṣálẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà. Èrò tèmi ni pé ọdún tó bá dára fẹ̀ tó láti gba olówó. Okùn ni kò lè gbà kó má bàjẹ́.

Mo mú Salvador ṣe ojú ọ̀rọ̀ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wa wà níbẹ̀. Àkàrà tí wọ́n ń dín ní títì ìlú náà ni wọ́n ń pè ní acarajé. Àṣẹ wa ni axé wọn, Ìjẹ̀ṣà wa ni wọ́n fi sọ ìlù ijexá lórúkọ. Ẹ̀wù tí olówó sì ń rà kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ inú okùn ńkọ́? Abadá ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀: agbádá ni.

Ta ló ni títì?

Salvador ni olú ìlú Bràsíìlì láti 1549 títí di 1763, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú èbúté tí wọ́n ti já ẹrú jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọgọ́ta ọdún tó gbẹ̀yìn òwò náà, kí òfin tó fòpin sí i ní 1850, àwọn èèyàn wa pọ̀ gan-an nínú àwọn tí wọ́n kó débẹ̀. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n. Lónìí, nínú bíi mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ èèyàn tó ń gbé ìlú náà, ó lé ní ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó pe ara rẹ̀ ní aláwọ̀ dúdú tàbí àdàlù. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn bí a ti ń lọ.

Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ọlọ́lá ìlú dá ẹgbẹ́ Kánífà tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ń gun ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n ń múra bí ará Yúróòpù, aráàlú sì ń dúró lẹ́bàá títì láti wò wọ́n. Àwọn aláwọ̀ dúdú kò gbà kí ipa tiwọn mọ sí wíwò. Wọ́n dá ẹgbẹ́ bíi Embaixada Africana àti Pândegos d'África sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1890, wọ́n gbé ìlù àti ọba Áfíríkà jáde sí gbangba. Ní 1905, ọlọ́pàá fòfin de ìmúra àti ìlù ilẹ̀ Áfíríkà nínú Kánífà. Okùn tí a ń rí lónìí kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ìjà lórí ẹni tó ni títì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó na okùn rárá.

Ohun méjì ló yí ọ̀rọ̀ padà láàárín ọ̀rúndún ogún. Ní oṣù kejì 1949, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Mahatma Gandhi, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń já ẹrù ní èbúté Salvador dá ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy sílẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí Àwọn Ọmọ Gandhi. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, wọ́n fi táwẹ̀lì wé láwàní, wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ funfun àti búlúù sọ́rùn, ìlù ijexá ni wọ́n sì ń lù. Alágbàṣe ni wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, ìlú dúró wò wọ́n bí ẹni ń wo ọba.

Ọdún kejì rẹ̀, ní 1950, àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Dodô àti Osmar gun ọkọ̀ Ford àtijọ́ kan tí wọ́n ṣe ní 1929, wọ́n so ohun èlò olókùn mọ́ iná mànàmáná, wọ́n gbé gbohùngbohùn sí i, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà wọ àárín ìlú. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní trio elétrico ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ kọjá iná tàbí ẹ̀rọ: ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ní olówó. Ọmọ adájọ́ lè wà níbẹ̀, ẹni tó ń fọ aṣọ fún adájọ́ lè wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Kò sí ibi tí wọ́n kọ òfin yẹn sí. Ẹsẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí agbádá ṣe di tíkẹ́ẹ̀tì

Láti àwọn ọdún 1970 sókè, àwọn ọ̀dọ́ ilé olówó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń gba ọkọ̀ olórin fún ara wọn, wọ́n sì ń fi okùn yí i ká. Nígbà tí orin tí wọ́n ń pè ní axé gbilẹ̀ ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1980, tí àlejò ń wọ́ wá láti gbogbo Bràsíìlì, okùn di òwò ńlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n pa ẹ̀wù gígùn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń wọ̀ tì, wọ́n fi ẹ̀wù péńpé kan rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gba orúkọ lọ́dọ̀ aṣọ àwọn tó ń ṣe ìjà oníjó tí wọ́n ń pè ní capoeira, wọ́n pè é ní abadá. Ẹgbẹ́ tó lókìkí lè ta abadá ọjọ́ kan ní iye tí òṣìṣẹ́ fi ń jẹun fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn ń san án díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí Kánífà kan bá ti parí títí di òmíràn.

Owó nìkan kọ́ ni ìlẹ̀kùn náà. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ẹgbẹ́ kan ń béèrè fọ́tò àti àdírẹ́sì kí wọ́n tó ta ẹ̀wù fún èèyàn. Ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dú, tó sì ń gbé àdúgbò tálákà, lè kó owó rẹ̀ pé kí wọ́n ṣì sọ fún un pé àyè ti kún. Ní ìlú tí ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ti jẹ́ ọmọ Áfíríkà, inú okùn wá ń funfun, ìta okùn ń dú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ agbádá yìí, torí ó ń dùn mí. Ní òru ọjọ́ kẹrìnlélógún mọ́ ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní 1835, nínú oṣù Ràmàdáánì, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jẹ́ ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira dìde ogun ní Salvador. Nagô ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bràsíìlì ń pe ìdìtẹ̀ náà ní ti àwọn Malê, látinú ọ̀rọ̀ wa, ìmàle. Òpìtàn João José Reis, tó kọ ìwé ńlá lórí rẹ̀, fojú díwọ̀n àwọn tó jáde sí bíi 600. Àwọn tó kú lé ní 70. Abadá funfun tí wọ́n máa ń wọ̀ kírun ní kọ̀rọ̀ yàrá ni wọ́n wọ̀ jáde sí gbangba ní òru yẹn. Aṣọ tí wọ́n fi sọ pé èèyàn ni àwọn, títì náà sì jẹ́ tàwọn, ni orúkọ rẹ̀ wá di ti ẹ̀wù tí wọ́n ń tà láti lé irú wọn sẹ́yìn okùn.

Nílé wa níhìn-ín, gbèsè wà nínú agbádá. Ẹni tó bá gbé e wọ̀ wá sóde mọ̀ pé onílù yóò kì òun, òun yóò sì dáhùn. Yóò náwó fún onílù, yóò ṣe àlejò àwọn tó bá a wá, ẹni tí kò mọ̀ rí yóò jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀. Bí agbádá bá ti tóbi tó ni ojú tó ń wo ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń pọ̀ tó. N kò sọ pé òde tiwa mọ́ tónítóní. Àwa náà ń gbé àga olówó síwájú, a ń ta aṣọ ẹbí ní iye tí ń mú ẹbí jẹ gbèsè. Síbẹ̀, bí olówó bá wọ agbádá wá tó ká ọwọ́ kò, ìlú ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n á sọ sí i. Ní Salvador, wọ́n gé apá agbádá, wọ́n sì gé gbèsè inú rẹ̀ kúrò. Ẹni tó bá ra abadá kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè mọ́. Ó ti san tán.

Àwọn tó di okùn mú

Cordeiro ni wọ́n ń pe àwọn tó ń gbé okùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè Potogí fi ń pe ọ̀dọ́ àgùntàn. Ẹgbẹ́ ńlá kan lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn fún ìrìn kan. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, ọkùnrin àti obìnrin, láti àdúgbò tó jìnnà sí etíkun. Wọ́n á rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbohùngbohùn tó ń mi ilẹ̀, okùn yóò máa họ wọ́n lọ́wọ́, èrò inú yóò máa tì wọ́n síta, èrò ìta yóò máa tì wọ́n sínú. Ó gba kí wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, kí àwọn aláṣẹ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì dá sí i, kí àwọn agbanisíṣẹ́ tó gbà pé ó pọn dandan láti fún wọn ní ìbọ̀wọ́, ohun ìdíti, omi àti ìpápánu.

Ohun tó ń bani nínú jẹ́ jù ni pé cordeiro àti ẹni tó ń tì sẹ́yìn lè jẹ́ ará àdúgbò kan náà, wọ́n tiẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ìyá. Ẹni tó ta abadá kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ tálákà ni wọ́n fi ń lé tálákà, ẹni tí wọ́n lé yóò sì ro pé ẹni tó di okùn ló lé òun.

Ẹjọ́ àwọn tó fẹ́ okùn

Àwọn tó ń gbèjà okùn ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó sì yẹ ká gbọ́ wọn dáadáa. Wọ́n ní owó ńlá ni ọkọ̀, gbohùngbohùn àti olórin ń gbà, bí kò bá sí ẹni tó ra abadá, ta ni yóò san án? Wọ́n ní jàgídíjàgan pọ̀ láàárín èrò, okùn ló ń jẹ́ kí àlejò àti ìdílé jó láìfarapa. Wọ́n tún ní ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí oúnjẹ jẹ látinú rẹ̀, títí kan cordeiro fúnra rẹ̀.

Òtítọ́ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí abadá ń tà. Orin kọ́, torí orin kò mọ okùn, ẹni tó wà ní ìta ń gbọ́ ohùn kan náà tí ẹni inú ń gbọ́. Ọkọ̀ kọ́, torí gbogbo ojú ló ń rí i. Ohun tí wọ́n ń tà ni àyè: ilẹ̀ títì tí wọ́n gbà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí kò san. Títì yẹn, owó ìlú ni wọ́n fi ṣe é, owó ìlú ni wọ́n fi ń gbá a, ọlọ́pàá ìlú ló ń ṣọ́ ọ. Bí mo bá pe àsè sínú àgbàlá mi, mo lè ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ti ojúde ìlú ló ń ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí kò gbọdọ̀ fò wá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá 1974, ní Curuzu ní àdúgbò Liberdade, Antônio Carlos dos Santos tí gbogbo ayé ń pè ní Vovô, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Apolônio de Jesus, dá ẹgbẹ́ Ilê Aiyê sílẹ̀, ilé ayé lédè wa. Ìyálórìṣà Mãe Hilda Jitolu, ìyá Vovô, ló jẹ́ òpómúléró ẹgbẹ́ náà títí tó fi papò dà ní 2009. Aláwọ̀ dúdú nìkan ló lè bá wọn jáde. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde ní 1975, ìwé ìròyìn kan ní ìlú náà fẹ̀sùn kàn wọ́n pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú mìíràn tẹ̀ lé wọn: Olodum ní Pelourinho àti Malê Debalê ní Itapuã, méjèèjì ní 1979. Àwọn náà ní aṣọ ẹgbẹ́, àwọn náà ń lo okùn.

Ṣé okùn kan ò ju ọ̀kan lọ? N kò ní fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀: okùn ni okùn ń jẹ́, ó ń ya èèyàn sọ́tọ̀. Àmọ́ ibi tí èrè rẹ̀ ń lọ yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n ti tì kúrò nínú gbogbo agbo ló ta okùn yìí láti rí ibi tí yóò dúró tí ojú kò ní tì í láti jẹ́ ara rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Mãe Hilda bẹ̀rẹ̀ ní 1988 nínú ilé òrìṣà, Olodum náà ń kọ́ ọmọ àdúgbò ní ìlù àti ìwé. Owó tó wọ inú okùn náà padà sí àdúgbò tó ti jáde. Síbẹ̀, nígbà tó bá kan ètò ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọjá, àwọn ẹgbẹ́ ńlá olówó ló máa ń gba àkókò tí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú ń kọjá lóru jinjin, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti sùn.

Ohun tí aṣálẹ̀ kọ́ wa

Àwọn kan lè sọ pé nítorí pé wọ́n gbà kí títà àti rírà wọ ọdún Salvador ló ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti fòfin de ọjà pátápátá. Ní 1986, Larry Harvey àti Jerry James dáná sun ère igi kan ní etíkun Baker Beach ní San Francisco, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Láti 1990, ọdún náà, Burning Man, ti kó lọ sí aṣálẹ̀ Black Rock ní Nevada, ó sì ti ń kó èèyàn tó lé ní 70,000 jọ. Ní 2004, Harvey kọ ìlànà mẹ́wàá sílẹ̀ fún un. Nínú wọn ni pé ẹnikẹ́ni ló lè wá, pé ọrẹ ni kí wọ́n máa fún ara wọn, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ ọdún di ọjà, pé kò sí òǹwòran, gbogbo ọwọ́ ni kó ṣiṣẹ́. Bí a bá yọ yìnyín àti ohun kéékèèké bíi tirẹ̀ kúrò, wọn kì í ta nǹkan kan níbẹ̀.

Olówó dé ibẹ̀ náà. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ń lọ síbẹ̀ tipẹ́, àwọn tó dá Google sílẹ̀ wà nínú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ru ẹrù ara wọn. Ohun tó fa wàhálà ni irú ibùdó kan tó ń gbilẹ̀: ibi tí wọ́n ti bá èèyàn pàgọ́, bá a sè, bá a fọ̀, tí òun kàn fò dé nínú bàálù. Ìwé ìròyìn New York Times gbé e jáde ní oṣù kẹjọ 2014, ariwo sì ta. Ní 2016, àwọn kan wọ ibùdó olówó kan, wọ́n gé wáyà iná, wọ́n fi góòmù lẹ ilẹ̀kùn pa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ọ̀gá àgbà àjọ náà, Marian Goodell, kéde pé àwọn yóò tún ìwà ọdún náà ṣe, wọ́n sì kọ̀ kí ibùdó kan tó ń gba láti 25,000 dé 100,000 dọ́là lọ́wọ́ èèyàn padà wá. Tíkẹ́ẹ̀tì lásán fúnra rẹ̀ jẹ́ 575 dọ́là ní 2023, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dínwó wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó.

N kò kan sáárá sí ẹni tó gé wáyà. Ìkà kì í tún ọdún ṣe. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé okùn kò nílò ọjà kó tó dé. Òfin ọdún náà kò gba ọjà láyè, síbẹ̀ ẹni tó wà nínú àwọn ibùdó olówó ti ra ara rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ tí gbogbo ìyókù jọ ń ṣe. Ohun tí abadá ń tà ní Salvador ni àyè tí kò sí aládùúgbò nínú rẹ̀. Ohun tí ibùdó olówó ń tà ní Nevada ni ọdún tí kò sí làálàá nínú rẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni: kí ẹni tó lówó gba adùn àjọṣe, kí ẹlòmíràn ru ẹrù rẹ̀.

Okùn ń já, pẹpẹ ń ga

Ìròyìn ayọ̀ wà láti Salvador. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, okùn ti ń dín kù. Àwọn olórin ńlá kan pinnu pé àwọn yóò kọrin láìsí okùn. Saulo Fernandes wà lára wọn lẹ́yìn tó kúrò nínú Banda Eva ní 2013. Ọkọ̀ BaianaSystem, Navio Pirata, ń kọjá láìsí okùn, èrò tó sì ń tẹ̀ lé e dà bí òkun tó ń ru. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìlú ń sanwó fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 2008 ni ìjọba Bahia ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Ouro Negro, Wúrà Dúdú, tó ń fún àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú lówó láti jáde. Èyí dáhùn ìbéèrè ẹni tó ní ta ni yóò san án. Bí gbogbo ìlú bá ni ọdún, àpò gbogbo ìlú lè gbé e.

Ṣùgbọ́n bí okùn ti ń já nílẹ̀ ni owó ń gun òkè. Lójú ọ̀nà etíkun láti Barra dé Ondina, pẹpẹ olókè tí wọ́n ń pè ní camarote tò lọ bí eyín. Oúnjẹ àti ọtí wà nínú rẹ̀, ilé ijó wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe irun àti ojú lóge níbẹ̀. Ẹlòmíràn lè wà nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ láì yọjú wo títì. Ní ìsàlẹ̀, àwọn tó ń ta ọtí ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà wọn fún ọjọ́ mẹ́fà, irú bíà kan ṣoṣo ni wọ́n sì láṣẹ láti tà, èyí tí onígbọ̀wọ́ ọdún náà ń ṣe. Òmíràn wà tó jẹ́ agolo òfo ló ń ṣà. Okùn tilẹ̀ sàn ní ohun kan: ẹni inú rẹ̀ ṣì ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú ẹni ìta. Ẹni tó wà lórí pẹpẹ ti padà sí ibi tí ọlọ́lá 1890 wà nínú ọkọ̀ ológe rẹ̀. Òkè ló wà, ìsàlẹ̀ ló ń wò.

Ibi tí mo dúró

Yorùbá ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Mo ti yí òwe yìí padà sọ́tùn-ún sósì nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sọ pé kí ẹni tó ní má wá jẹun. Kò sọ pé kí iye tí a mú wá dọ́gba. Ó sọ ibi tí adùn wà: adùn ń bẹ lára wíwà tí ẹnìkejì wà níbẹ̀, tí òun náà sì ń jẹ. Ẹni tó fi owó lé ẹnìkejì kúrò nídìí àwo ti ra oúnjẹ, adùn rẹ̀ ti bọ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo rò pé ìlú tó ní ọdún yẹ kó bi olówó tó bá dé. Ṣé owó rẹ ń ṣí agbo ni, àbí ó ń ti í? Ṣé ìwọ náà yóò fọwọ́ kan iṣẹ́, àbí gbígbà nìkan lo wá gbà? Nígbà tí o bá lọ, kí ni yóò kù lọ́wọ́ àdúgbò tó gbà ọ́ lálejò? Olówó tó san owó ọkọ̀ kí gbogbo ìlú lè jó tẹ̀ lé e kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ọkọ̀, kí onílù kì í dọ́la. Olówó tó ra títì ti gba ohun tí kò sí ẹni tó láṣẹ láti tà fún un. Ìbéèrè yẹn sì kan àwọn aláṣẹ ìlú ju olówó lọ, torí kò sí ẹni tó lè ra títì bí kò bá sí ẹni tó gbà á láyè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Èkó. Àwọn Àgùdà tó padà dé láti Bahia ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó ọdún wọn wálé, ojúde Campos ní Èkó sì ṣì ń rí eré ìbòjú wọn tí wọ́n ń pè ní kàrẹ́tà. Bí a ti ń sọ irú ọdún báyìí di ohun tí onígbọ̀wọ́ àti àlejò olówó ń wá wò, ẹ jẹ́ ká rí Salvador kedere kí a tó na okùn tiwa.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni màá fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn okùn, tí wọn kò ní abadá, ní orúkọ kan ní Salvador. Pipoca ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn gúgúrú, nítorí pé wọ́n ń ta pàù sókè bí àgbàdo inú ìkòkò gbígbóná. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ilé òrìṣà ní Bahia mọ ẹni tó ni gúgúrú. Oúnjẹ Ọbalúayé ni, òun ni wọ́n fi ń wẹ àìsàn kúrò lára èèyàn. Ní alẹ́ Sátidé Kánífà, kí Ilê Aiyê tó sọ̀ kalẹ̀ láti Curuzu, ìyálórìṣà á jáde sí iwájú ilé, wọ́n á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀, wọ́n á sì da gúgúrú sókè kó bọ́ sórí èrò. Gúgúrú yẹn á bọ́ sórí ẹni tó wọ aṣọ ẹgbẹ́, á bọ́ sórí ẹni tó kàn ń kọjá, á bọ́ sórí cordeiro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká okùn rẹ̀ mọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọdún Ilê Aiyê ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó na okùn.